Ọ̀nà Àtijọ́ Inú Afẹ́fẹ́

Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Kòjókòó nígbà tó wà ní kékeré, torí pé bí wọ́n bá gbé e sórí àga, kí wọ́n tó yíjú, ó ti dé orí tábìlì. Ó dàgbà, ó kàwé, ó di ẹni tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ránṣẹ́ pè kó wá bá wọn gbé wáífáì dúró, síbẹ̀ orúkọ náà ò fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀hún. Yóò ti yàrá bọ́ sí yàrá, yóò gun àjà, yóò sọ̀ kalẹ̀, fóònù lọ́wọ́, ojú lórí ìlà aláwọ̀ ewé tó ń lọ sókè sódò, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ọ̀rọ̀ dáadáa àti ibi tí ògiri ti ń gbé e mì. Ẹni tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ kò lè ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, àìbalẹ̀ ara rẹ̀ ti kọjá ti ojoojúmọ́. Àtàárọ̀ ló ti dé ilé ìyá rẹ̀, ní àjà kejì ilé alájà mẹ́rin kan tí ayálégbé kún bámú. Ó ti gbé ráútà, àpótí tó ń tan wáífáì kálé, kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí ojú fèrèsé, ó sì tún dá a padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Ṣé o fẹ́ bá a jó ni?” ìyá rẹ̀ bi í.

“Màmá, mo ń wá ibi tó máa dáa sí ni.”

“Ibi tó wà láti ọjọ́ yìí ńkọ́?”

Kòjókòó wo aago ara ògiri. Ọ̀sán ti ń pọ́n, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì fẹ́ pè ní aago méjìlá.

Ohun tó wà nílẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, kò sì kéré. Nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ni àbúrò náà ti ń dáná fún àwọn atukọ̀, Kúùkù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, Kúùkù náà ni wọ́n sì ń pè é nílé. Ó tó ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyá wọn ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ojú òkun ló wà nígbà tí bàbá wọn kú, kí ọkọ̀ sì tó fẹnu kan èbúté, wọ́n ti sin òkú tán. Ó pè, ó ń sunkún. Ìyá wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó ní, “Bàbá ẹ ń bínú sí ẹ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀.” Ó sì pa fóònù. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà ò pè mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyá náà sì búra pé òun kọ́ lòun máa kọ́kọ́ pe ọmọ tí òun fi inú òun bí.

Kòjókòó ò sí nílé lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú. Ó wà ní ìlú mìíràn, níbi tó ti ń so wáífáì mọ́ àjà ilé ìkówèésí kan. Nítorí náà, bí ìyá wọn ṣe sọ ọ́ lòun náà ṣe gbà á gbọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta yìí, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀: Kúùkù ní ara òun le, Màmá ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Iṣẹ́ náà ti sú u pátápátá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Kúùkù wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ wa máa yà sí èbúté kan lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbọ̀ngàn àwọn atukọ̀ tó wà níbẹ̀ ní wáífáì. Mo máa pe Màmá ní aago méjìlá, lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Bàbá. Kì í ṣe fóònù tiyín o, mi ò fẹ́ alágbàsọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa pè. Tí wọn ò bá gbé e, mo ti gbọ́ èsì wọn nìyẹn, mi ò sì ní í yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Aago kan ni ọkọ̀ ń gbéra.”

Kòjókòó ka ọ̀rọ̀ náà sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá ká apá mọ́ àyà. Ó ní, “Tó bá pè, á bá mi nílé.” Ẹni tó bá mọ obìnrin náà á mọ̀ pé bí ìgbà tó sáré lọ pàdé ọmọ lójú ọ̀nà ni. Àní lọ́jọ́ Àìkú náà, ó ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti di gèlè, ó sì ti wọ bàtà sínú yàrá ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọmọ ọ̀hún máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni wáífáì ilé náà. Kòjókòó ti dán an wò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní aago méjìlá ọjọ́ Àìkú gan-an. Ó dúró ní ilé tirẹ̀, ó pe tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ojú ìyá rẹ̀ yọ, ẹnu là sílẹ̀, ojú náà sì gan síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ń já, ó ń so, ó tún já.

Àwọn èèyàn á ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Wọ́n á gbá àpótí náà létí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí, wọ́n á pa á, wọ́n á tún un tàn. Kí ni àpótí ṣe fún wọn? Ọ̀rọ̀ wáífáì, ọ̀rọ̀ àjọgbé ni. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ilé jọ ń lò, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kù á dákẹ́ de ìgbà tiwọn. Tí méjì bá lanu pọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn; kálukú á sún sẹ́yìn, á dúró díẹ̀, á tún gbìyànjú. Ní ọjọ́ iṣẹ́, tí àwọn ayálégbé ti jáde, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹnì kan ń wo fíìmù, tí ẹlòmíì ń wo bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọ sì ń yìnbọn lórí fóònù, dídúró á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Ọ̀nà àtijọ́ ń rìn jìnnà, ó ń la ògiri kọjá, gbogbo ẹ̀rọ ló sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí èrò fi há síbẹ̀. Ọ̀nà tuntun fẹ̀, ó yá, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti bá a wí, ẹ̀rọ tó bá sì ti dàgbà jù ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣe òfin nǹkan wọ̀nyí a máa jókòó pọ̀ lọ́dún mélòó kan síra wọn, wọ́n á fẹnu kò sórí ìlànà tuntun, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà: ìlànà kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun gbọ́ èdè àgbà. Ẹ̀rọ àgbà ò gbọ́ èdè ọmọdé. Kòjókòó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, ó ti fi kọ́ àwọn oníbàárà títí ẹnu fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà lọ́tọ̀, àìbalẹ̀ ara náà wà lọ́tọ̀.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè láàárín pálọ̀, ó ń wo àwọn tó wà lórí ọ̀nà àtijọ́. Wọ́n pín ọ̀nà náà sí ipa mọ́kànlá tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè, àmọ́ mẹ́ta péré ni kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀: ìkíní, ìkẹfà àti ìkọkànlá. Gbogbo ilé ló ti pín ara wọn sáwọn mẹ́ta yẹn, ẹ̀tọ́ sì ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ dúró sórí ìkẹrin, ó sì ń pariwo pẹ̀lú gbogbo agbára àpótí rẹ̀, ó ń da àwọn ará ìkíní àti àwọn ará ìkẹfà láàmú pọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ará ìkẹfà. Orúkọ tí ẹni náà fún wáífáì rẹ̀ ni ỌGÁ-TÍṢÀ-Ẹ-MÁ-FỌWỌ́-KÀN-ÁN.

“Mo ti mú un,” ni Kòjókòó wí.

“Ta lo mú?” Màmá bi í. Ṣùgbọ́n ó ti jáde, ó ti ń fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀gá Tíṣà, bàbá àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ṣílẹ̀kùn, dígí wà lójú rẹ̀, òmíràn wà lórí rẹ̀.

“Ẹ káàsán, Sà.”

“Káàsán, ọmọ ìyá òkè. Kí ló ń lé ẹ bọ̀?”

“Wáífáì yín ni, Sà.”

“Mi ò fún ẹnikẹ́ni lò o. Mo kọ ọ́ sára ẹ̀ kedere.”

“Kì í ṣe pé mo fẹ́ lò ó, Sà. Orí nọ́ńbà kẹrin lẹ gbé e sí. Ó ń dí wa lọ́wọ́ lókè.”

Inú bàbá náà dùn pé wọ́n bi òun ní ìbéèrè. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni dúró níwájú pátákó. “Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé ìkíní kún, ìkẹfà kún, ìkọkànlá náà kún. Kò sí ẹnì kankan ní ìkẹrin. Ẹni tó gbọ́n ńkọ́, ṣé kò ní í lọ jókòó síbi tó ṣófo?”

“Kò ṣófo, Sà. Àárín ìjókòó àwọn ẹlòmíì ni. Ìdí yín kan wà lórí àga àwọn ará ìkíní, ìkan wà lórí tiwa.”

Ọ̀gá Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Àlàyé yẹn dáa. Mo fún ẹ ní máàkì méje nínú mẹ́wàá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ jẹ́ n bá yín yí i. Kò ní í pẹ́.”

“Tó bá lọ tí kò padà wá ńkọ́? Ní aago méjìlá ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi ní ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń rí ojú wọn. Jẹ́ ká parí, kó o padà wá, kó o yí i síbi tó bá wù ẹ́.”

“Ó ti máa pẹ́ jù nígbà yẹn, Sà. Àbúrò mi ló fẹ́ pe Màmá.”

“Ṣé kò lè pè tó bá dìrọ̀lẹ́ ni?”

“Kò lè pè tó bá dìrọ̀lẹ́, Sà!” Ohùn rẹ̀ le ju èyí tí èèyàn ń fi bá àgbà sọ̀rọ̀ lọ. Òun náà gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì yí padà kó tó di pé omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú bàbá olólùfẹ́ ìṣirò.

Ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ ìyá, ó fi bẹ ọmọ. Nígbà tí ọmọ wá gbà, tí ìyá wá gbà, nọ́ńbà kẹrin ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Ó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó fa fóònù yọ. “Ó dáa,” ló wí. “Ẹ máa gbé ọ̀nà àtijọ́ yín. Àwa ti kó kúrò níbẹ̀.”

Láti orí fóònù ló ti wọ inú ráútà ìyá rẹ̀. Òun ló rà á fún un lóṣù méjì sẹ́yìn, àpótí ìgbàlódé tó mọ ọ̀nà méjèèjì. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀nà àtijọ́. Àpótí náà kọ ọ̀rọ̀ sí i: ṣé ó dá ẹ lójú, àwọn ẹ̀rọ kan lè má rí nẹ́tíwọ̀kì yìí mọ́. Níbi iṣẹ́, ibi tó máa ń dúró sí nìyí. Òfin tirẹ̀ ni, òun ló sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíì: o kò gbọdọ̀ pa ọ̀nà àtijọ́ láìjẹ́ pé o ti rin gbogbo yàrá, kó o fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó o bi í léèrè ìlànà tó mọ̀. Ẹ̀rọ tó bá já kì í ké. Ṣùgbọ́n ilé ìyá rẹ̀ kọ́ ni ibi iṣẹ́, aago méjìlá sì ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Kó tó ka ọ̀rọ̀ náà parí, ìka rẹ̀ ti tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Fóònù rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan, ó tún so, lórí ọ̀nà tuntun. Ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó wọn bí ọ̀nà náà ṣe yá tó. Orí rẹ̀ wú. Ó mọ́ lóló bí omi òjò, kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà.

Màmá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi apá dí i.

“Ẹ jẹ́ n wo tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré, Màmá.”

“O wò ó láàárọ̀. O wò ó nígbà tí mo ń jẹun. O wò ó nígbà tí mo ń wọṣọ. Ojú ẹ ò ní í sọ ọ́ di ọmọ. Ọmọ yẹn ní òun ò fẹ́ alágbàsọ, èmi náà ò fẹ́ ẹ. Dúró síta.”

Ó ti ilẹ̀kùn.

Kòjókòó wá dúró síta. Ẹ jẹ́ ká pè é ní dídúró ṣáá. Ó rìn lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn bọ̀, ó gun àtẹ̀gùn mélòó kan, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé etí lé ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Aago kọjá méjìlá, ó ń lọ sí méjìlá ààbọ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó tún rìn lọ, ó tún rìn bọ̀. Nígbà tó padà gbé etí lé e, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Màmá ń sọ̀rọ̀! Kò gbọ́ ohun tó ń sọ, àmọ́ ohùn náà rọ̀, ó ń lọ, ó ń dúró díẹ̀, ó tún ń lọ, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gbọ́ èsì. Kòjókòó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ó sá sẹ́yìn kó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun ti ṣe é, pé bàbá òun á mọ̀ níbi tó wà.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Tíṣà ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di irin àtẹ̀gùn mú.

“Mo ní kí àwọn ọmọ dúró dè mí,” bàbá náà wí. “Ohùn tó o fi kúrò lọ́dọ̀ mi ò jẹ́ kí n lè ṣe ìṣirò. Mo ti yí i sí ìkọkànlá. Ó ti tó ìgbà díẹ̀, kí aago tó lù méjìlá pàápàá. Ṣé ọmọ náà ti pè?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Sà.” Kòjókòó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ṣé gan-an, Sà.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá dúró síbẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà.

“Kò pè,” ló wí.

“Màmá, mo gbọ́ yín. Ẹ ń sọ̀rọ̀.”

“Èmi nìkan ni. Mo ń tún ohun tí mo fẹ́ sọ fún un tò, kí n má bàa ṣì í sọ.” Ó wo Ọ̀gá Tíṣà, ó wo ilẹ̀. “Kò pè. Ó dáa náà. Ó ti sọ tiẹ̀.”

Kòjókòó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà wà lórí tábìlì, wọ́n gbé e ti ife kan kó lè dúró, àga kan kọjú sí i. Ó gbé e. Àmì wáífáì tó máa ń wà lókè ti ṣófo. Ó ṣí ibi tí orúkọ àwọn nẹ́tíwọ̀kì ń tò sí. Ti Ọ̀gá Tíṣà wà níbẹ̀. Ti àwọn ará òkè wà níbẹ̀. Ti ilé tó wà lódìkejì títì pàápàá wà níbẹ̀. Ti ilé tó jókòó sí ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ bàbá wọn ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ọ̀nà àtijọ́ nìkan ló mọ̀ láyé, Kòjókòó sì ti dí ọ̀nà náà mọ́ ọn lójú.

Ó dá tábúlẹ́ẹ̀tì náà padà sórí tábìlì.

“Kí ni?” Màmá bi í.

“Èmi ni,” Kòjókòó wí. “Màmá, èmi ni. Ó ṣeé ṣe kó ti pè. Mo ti ọ̀nà mọ́ ọn.” Ó ń sọ ọ́, ó ń tẹ fóònù. Ó ṣí ọ̀nà àtijọ́ padà. Àpótí náà ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ní láti pa ara òun kí òun sì tún tàn. Iná rẹ̀ di pupa. Ìwọ̀nba dátà orí fóònù rẹ̀ ló fi kọ̀wé sí Kúùkù: dúró, má lọ, ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ náà fò lọ, àmọ́ àmì pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò yọ.

Iná pupa náà ń ṣẹ́jú. Kòjókòó yí tábìlì po. Ó wo aago, ó wo iná, ó wo aago. Ó fẹ́ gbá àpótí náà létí. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà.

“Kí lo fẹ́ tún ṣe tẹ́lẹ̀ tó o fi pa á?” Màmá bi í.

“Mo fẹ́ kó túbọ̀ yá ni.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ìwọ ọmọ yìí.” Kò pariwo, ìyẹn ló dun Kòjókòó jù. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èmi náà ò lẹ́nu láti sọ ọ́.”

Ọ̀gá Tíṣà, tó ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, rọra sọ pé òun ń lọ bá àwọn ọmọ, ó sì fa ilẹ̀kùn náà dé.

Iná di àwọ̀ ewé. Àmì wáífáì tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ yọ bíńtín, ó kún. Ẹ̀rọ náà dún. Ó tún dún. Ó ń dún bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè kà á mọ́, ìpè tí a ò gbé ń tò sórí ara wọn lójú rẹ̀, Kúùkù, Kúùkù, Kúùkù, èyí tó kẹ́yìn ò tíì pẹ́ rárá. Ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀kan lòun máa pè!

Màmá tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Báwo ni mo ṣe máa pè é?” ló bi Kòjókòó. Kó tó dá a lóhùn, obìnrin náà ti fi ìka tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìbúra ọdún mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀.

Ó ń ró lọ́hùn-ún. Kò gbé e. Màmá tún un tẹ̀. Ó tún ń ró. Aago kan ò jìnnà mọ́, Kòjókòó sì ń rí ọkọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀, ó ń rí àbúrò rẹ̀ tó ń gun àkàbà lọ, tó ti kúrò níbi tí wáífáì gbọ̀ngàn lè dé. Ó ṣe díẹ̀, ohun kan yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ búlúù àti eérú, gbogbo rẹ̀ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Atẹ́gùn ń fẹ́ fìì. Àwọn ọkùnrin ń kígbe.

“Mà… gé… ti ń…”

“Ó ti jìnnà jù!” Kòjókòó bẹ́ mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì náà. “Kúùkù! Padà sẹ́yìn! Padà sí ẹnu gbọ̀ngàn, wáífáì ò dé ibẹ̀!”

Àwòrán náà mì, ó ń sáré. Wọ́n rí ilẹ̀, wọ́n rí bàtà, wọ́n rí ilẹ̀kùn onírin. Ó wá dúró, ó mọ́. Ojú Kúùkù ni. Ó ti sanra díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun kan ṣoṣo, Kòjókòó sì rí irun kan ṣoṣo yẹn kedere. Ó ń mí gúlegúle. Ẹnì kan ń pè é láti ẹ̀yìn pé wọ́n ń fa àkàbà sókè o.

“Màmá,” ló wí, “ẹ káàsán, Mà.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá tò nínú yàrá, kò rí ọ̀kan mú. Ó di etí tábìlì mú. Kòjókòó fẹ́ jáde, Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó dì í lọ́wọ́ mú kó má lọ.

“Irọ́ ni mo pa fún ẹ,” obìnrin náà wí. “Bàbá ẹ ò bínú sí ẹ. Èmi ni mo ń bínú pé o ò sí nílé, mo sì wá fi sí i lẹ́nu. Mo fẹ́ pè ẹ́ kí ẹ̀mí ẹ̀ tó bọ́, òun ló ní kí n má pè ẹ́. Ó ní èèyàn kì í fi ọkàn méjì rin ojú omi, kí n jẹ́ kó o délẹ̀ ná. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dárúkọ ẹ. Kò bínú rárá, ọmọ mi.”

Kòjókòó wo ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Inú bí i, àánú sì ṣe é, lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ. Ìyá rẹ̀ ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fà á yọ.

Kúùkù ò mira lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún pè é láti ẹ̀yìn, kò wẹ̀yìn. Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

“Màmá, mi ò gbọ́ dáadáa,” ló wí. “Ohùn yín ń já. Ẹ tún un sọ.”

Kòjókòó gbójú sókè wo àmì wáífáì. Ó kún. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lẹ́yìn ọmọ náà, ilẹ̀kùn tó ń dún, èémí rẹ̀ pàápàá, gbogbo rẹ̀ ń wọlé láìfọ́. Kò sí ohun tó ń já. Ó mọ̀ pé Kúùkù kàn fẹ́ tún un gbọ́ ni.

Màmá sún àga mọ́ tábìlì, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.